Bí Iṣẹ́ Ẹ́ńsáìmù Ṣe Ń Jẹ́ Ká Rí Sẹ́ẹ̀lì Ọpọlọ

Àwòrán kan wà tó máa ń lọ káàkiri orí fóònù àwọn ọmọ tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìkòròdú níbí: sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan tó ní àwọ̀ búlúù tó ki, tó ya ẹ̀ka gígùn sọ́tùn-ún sósì, tí ohun tó yí i ká sì mọ́lẹ̀ kedere. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, ṣé bí ọpọlọ ṣe rí nìyẹn, àbí ńṣe ni wọ́n kùn ún? Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ọpọlọ kì í ṣe búlúù, omi tí wọ́n sì rẹ ẹ́ sí kò ní àwọ̀ búlúù rárá. Sẹ́ẹ̀lì yẹn fúnra rẹ̀ ló ṣe àwọ̀ náà, lẹ́yìn tí ẹran tó ni ín ti kú.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mo ń ṣe, mo sì ti gbọ́ kí àwọn tó kàwé dáadáa máa ṣàlàyé rẹ̀ sódì. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìdí rẹ̀.

Tí ẹ bá gé ọpọlọ ní pẹlẹbẹ tín-ín-rín, tí ẹ gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù láìfi nǹkan kan kàn án, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí ẹ máa rí. Gbogbo rẹ̀ á rí bákan náà bí ẹ̀kọ tó dì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sẹ́ẹ̀lì ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn tó ń gbé ìròyìn káàkiri nínú ọpọlọ èèyàn nìkan, àwọn tí à ń pè ní níúrọ́ọ̀nù, tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86. Níúrọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ikùn kan, ó ní ẹ̀ka kéékèèké tó fi ń gba ìròyìn, ó sì ní okùn gígùn kan tó fi ń ránṣẹ́. Ẹ̀ka wọn wọnú ara wọn débi pé tí gbogbo wọn bá gba àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dúdú lásán lẹ máa rí, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta.

Camillo Golgi, ará Ítálì, ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà gbé e gbà, ní 1873. Ó lo potassium dichromate àti silver nitrate. Sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ á di dúdú látòkè délẹ̀, láti ikùn dé orí ẹ̀ka tó kéré jù lọ, àwọn yòókù ò sì ní fara hàn rárá. Santiago Ramón y Cajal ní Sípéènì lo ọ̀nà yìí débi pé òun ló fi yé ayé bí àwọn níúrọ́ọ̀nù ṣe tò, àwọn méjèèjì sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu lórí bóyá sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dá dúró tàbí wọ́n so pọ̀ mọ́ra. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó lẹ́wà tó ti Golgi. Ibi tó kù sí ni pé kò sẹ́ni tó lè yan èyí tó máa di dúdú. Ẹ máa rí ìrísí sẹ́ẹ̀lì, ẹ ò ní mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ́ńsáìmù ló wá jẹ́ kí àwọn onímọ̀ lè mọ méjèèjì pọ̀ lójú kan náà.

Ẹ́ńsáìmù ni èròjà tí ara ń lò láti mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà kan yára. Púpọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ purotéènì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí kì í fi sílẹ̀ ṣe ti ẹlòmíì. Ẹ lè fojú rí i nílé ìdáná. Ẹ bẹ iṣu ewùrà, kí ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀: ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rúsúrúsú. Kò sẹ́ni tó kùn ún. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ polyphenol oxidase ti wà nínú iṣu náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀bẹ fọ́ sẹ́ẹ̀lì iṣu, ẹ́ńsáìmù yìí pàdé èròjà tó máa ń ṣiṣẹ́ lé lórí, afẹ́fẹ́ sì kàn án, ni àwọ̀ bá yọ. Ṣùgbọ́n tí iṣu bá ti jinná délẹ̀ kí ẹ tó gé e, ojú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ò ní pọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́, torí iná ti ba ẹ́ńsáìmù jẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo èyí, a ò fojú kan ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ la rí.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ní láàbù nìyẹn, àfi pé níbẹ̀ àwọn ló ń pèsè ohun tí ẹ́ńsáìmù máa ṣiṣẹ́ lé lórí. Wọ́n á wá èròjà tó jẹ́ pé ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń wá ló máa yí i padà, kí ohun tó bá sì dà ní àwọ̀, kó má sì lè yọ́ nínú omi. Àìyọ́ yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Tó bá lè yọ́, á ṣàn lọ síbi tí ẹ́ńsáìmù ò sí, àwòrán á sì máa purọ́ fún wa. Tí kò bá lè yọ́, ojú ibi tí wọ́n ti ṣe é gan-an ló máa jókòó sí, á kún inú ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì bí ẹ́ńsáìmù ṣe kún ibẹ̀, ìrísí sẹ́ẹ̀lì á sì yọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan, ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Acetylcholine wà lára àwọn èròjà tí iṣan ìmọ̀lára fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn àti sí ẹran ara. Otto Loewi ló fi ọkàn àkèré hàn wá ní 1921 pé èròjà ni iṣan fi ń bá ọkàn sọ̀rọ̀. Kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kan má baà máa dún lọ láìdákẹ́, ẹ́ńsáìmù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tó ń gé acetylcholine sí méjì kíákíá: acetylcholinesterase. Koelle àti Friedenwald rí ọ̀nà láti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní 1949. Ní 1964, Karnovsky àti Roots tún un ṣe, tiwọn yìí sì lọ̀pọ̀ láàbù ṣì ń lò.

Wọ́n á kọ́kọ́ mú ẹran tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò dì. Ẹ̀rọ kan tó tutù tó nǹkan bí ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo ni wọ́n fi ń gé ẹran dídì náà. Pẹlẹbẹ tó bá jáde lè má nípọn ju ìdá kan nínú 50 mìlímítà kan. Tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi kan tó ní acetylthiocholine nínú. Acetylthiocholine yìí jọ acetylcholine débi pé ẹ́ńsáìmù náà á gbà á, á sì gé e, ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ wà nínú tirẹ̀. Copper sulphate tún wà nínú omi náà, àti sodium citrate tó ń di kọ́pà mú kó má baà tètè jókòó sílẹ̀, àti potassium ferricyanide. Ẹ́ńsáìmù gé acetylthiocholine, ó ku thiocholine. Thiocholine yí ferricyanide padà di ferrocyanide. Bí ferrocyanide bá ti pàdé kọ́pà báyìí, wọ́n di èérún kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tí kì í yọ́. Ẹni tó bá ń wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù á rí i tí okùn iṣan ń yọ díẹ̀díẹ̀ níbi tí kò ti sí nǹkan tẹ́lẹ̀: àmì tíntìntín kọ́kọ́ hàn, àwọn àmì náà so pọ̀ di ìlà, ìlà náà sì ń nípọn sí i. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ pẹ́ jù, ẹ̀yìn àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n pẹ̀lú. Nítorí náà ni ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fi í sílẹ̀ lọ jẹun.

Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni bi wá pé báwo la ṣe mọ̀ pé acetylcholinesterase ló ṣe é lóòótọ́. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan orílẹ̀-èdè wa. Wọ́n á gé pẹlẹbẹ kejì lára ẹran kan náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi yẹn, wọ́n á kọ́kọ́ fi eserine sí i. Eserine máa ń di cholinesterase lọ́wọ́. Tí àwọ̀ bá ṣì yọ lára pẹlẹbẹ yìí, kì í ṣe ẹ́ńsáìmù tí à ń wá ló ṣe é, ẹ gbé àwòrán yẹn dànù. Inú ẹ̀wà èsèré ni eserine ti wá, ẹ̀wà tí àwọn Efik ní agbègbè Kàlàbá máa ń fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ láyé àtijọ́ láti mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Jámánì yọ èròjà yìí jáde nínú ẹ̀wà náà ní 1864. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, torí ọ̀pọ̀ wọn rò pé gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ìmọ̀ ọpọlọ, òkè òkun ló ti wá.

Eserine nìkan ò sì tó. Ẹ́ńsáìmù kejì wà tó jọ ti àkọ́kọ́, butyrylcholinesterase, eserine ń di òun náà lọ́wọ́. Èròjà mìíràn bíi ethopropazine ni wọ́n fi ń pa ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí lẹ́nu mọ́, kó lè ku ọ̀kan ṣoṣo tí à ń wá.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ ẹ́ńsáìmù yìí, mi ò ní lè kọjá láìsọ èyí. Dichlorvos wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀tápíápíá tí wọ́n ń tà lọ́jà, acetylcholinesterase gan-an ló sì ń bà jẹ́. Kò mọ tèèyàn yàtọ̀ sí ti kòkòrò. Ẹni tó bá gbé e mì tàbí tó fa èéfín rẹ̀ púpọ̀, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, òógùn á bò ó, ẹyinjú rẹ̀ á fún, mímí á sì di ìṣòro, torí acetylcholine ń pọ̀ sí i láìsí ohun tó ń gé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n ọn sí ẹ̀wà tí èèyàn máa jẹ. Tó bá sì ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé onítọ̀hún lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe epo pupa ni kí ẹ máa rọ sí i lẹ́nu.

Àwòrán búlúù tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù mìíràn ni. NADPH diaphorase ni wọ́n ń pè é. Nǹkan méjì ló ṣe pàtàkì nínú omi tirẹ̀: NADPH, àti nitroblue tetrazolium tó ní àwọ̀ yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ́ńsáìmù á gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ NADPH, á gbé e fún tetrazolium, tetrazolium á sì di formazan, èyí tó jẹ́ búlúù tí kì í yọ́. Ìwọ̀n 37 ni wọ́n ń gbé e sí, bí ara èèyàn ṣe gbóná sí. Thomas àti Pearse ṣàkíyèsí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 pé sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ kan, tí wọ́n dá wà káàkiri inú ọpọlọ, máa ń gba àwọ̀ yìí gan-an. Ó kún inú wọn débi pé ẹ lè tọ ẹ̀ka wọn lọ jìnnà, bí ẹni ń wo iṣẹ́ Golgi. Àmọ́ fún nǹkan bí 30 ọdún, àwọn onímọ̀ ń rí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, wọ́n ń ya àwòrán wọn, wọ́n ń kà wọ́n, wọn ò sì mọ iṣẹ́ tí ẹ́ńsáìmù náà ń ṣe fún wọn.

Ọdún 1991 ni ìdáhùn dé. Àwọn ikọ̀ onímọ̀ méjì fi hàn pé ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe búlúù yìí nínú níúrọ́ọ̀nù ni nitric oxide synthase, èyí tó ń ṣe gáàsì nitric oxide. Gáàsì yìí kan náà ló ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, òun ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún Furchgott, Ignarro àti Murad ní 1998. Gbogbo àwòrán àtijọ́ di ohun tó ní ìtumọ̀ lójijì: sẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀ka rẹ̀ rí báyìí, tó wà níbi báyìí, gáàsì ló fi ń ránṣẹ́. Wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, láti 1985, pé nínú àrùn Huntington, tí apá kan nínú ìsàlẹ̀ ọpọlọ máa ń kú díẹ̀díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì búlúù yìí máa ń ṣẹ́kù nígbà tí àwọn tó yí wọn ká bá ti lọ. Wọn ò ju bí 1 tàbí 2 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ lọ. Láìsí àwọ̀ yìí, ta ni ì bá kíyè sí wọn?

Ìlànà iṣẹ́ yìí ní ibì kan tó máa ń ya àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun lẹ́nu. Fọ́málìn, oògùn tí wọ́n máa ń rẹ ẹran sí kó má baà jẹrà, máa ń pa ẹ́ńsáìmù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n diaphorase ju ẹyọ kan lọ nínú ọpọlọ, gbogbo wọn ló lè sọ tetrazolium di búlúù. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ rẹ ọpọlọ náà sínú fọ́málìn níwọ̀nba, àwọn yòókù á kú, iṣẹ́ ti nitric oxide synthase á ṣẹ́kù. Ohun tó yẹ kó ba iṣẹ́ jẹ́ ló wá ń ṣà á mọ́. Nínú ẹ́ńsáìmù mìíràn ẹ̀wẹ̀, fọ́málìn díẹ̀ tó pẹ́ jù ti tó láti jẹ́ kí gbogbo àwòrán ṣófo. Kò sí òfin kan ṣoṣo tó kárí, ẹ́ńsáìmù kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀, ẹni tó ń ṣe é sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn náà wúlò. Margaret Wong-Riley lo cytochrome oxidase ní 1979. Ẹ́ńsáìmù yìí ń bá sẹ́ẹ̀lì sọ afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ di agbára, nítorí náà ibi tó bá ṣiṣẹ́ púpọ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ ti ń ki. Tí wọ́n bá dí ojú ẹranko kan fún ìgbà pípẹ́, àwọ̀ apá ọpọlọ tó ń gba ìròyìn láti ojú yẹn á ṣá. Horseradish peroxidase tiẹ̀ kì í ṣe ti ẹran, ara gbòǹgbò ewéko kan ní òkè òkun ni wọ́n ti ń mú un. Láti nǹkan bí 1971 ni wọ́n ti ń fún un sínú ẹran ara, kí ẹnu iṣan lè fà á mu, kó sì gbé e padà lọ sínú ikùn sẹ́ẹ̀lì tó ni okùn náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ ibi tí okùn gígùn kan ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kan ìdílé wa jù ni ti ìfun. Obìnrin kan tó ń tajà ní Sábó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àwọn fẹ́ mú ẹran díẹ̀ nínú ìdí ọmọ mi. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ gbé e lọ sórí yìnyín, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kan oògùn tí wọ́n máa ń rẹ ẹran sí. Ṣé kò ní bàjẹ́ báyìí?" Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ fara balẹ̀. Oògùn yẹn gan-an ló máa bà á jẹ́."

Inú ògiri ìfun wa ni níúrọ́ọ̀nù wà, wọ́n tò bí àwọ̀n láàárín ẹran tó ń ti oúnjẹ lọ. Àwọn ló ń sọ fún ìfun ìgbà tó yẹ kó fún àti ìgbà tó yẹ kó dẹ̀. A máa ń bí àwọn ọmọ kan, bíi ọmọ 1 nínú 5,000, tí níúrọ́ọ̀nù ò sí nínú apá ìsàlẹ̀ ìfun wọn. Ibẹ̀ á fún, kò ní dẹ̀. Ọmọ náà lè má yàgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn ìbí, ikùn rẹ̀ á wú, ó lè máa bì omi aláwọ̀ ewé. Àrùn Hirschsprung nìyẹn, orúkọ dókítà ará Denmark tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1886 ni wọ́n fi ń pè é.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí dókítà ń wá ni ohun tí kò sí, ó sì ṣòro láti jẹ́rìí sí àìsí. Ẹran tí wọ́n mú lè kéré jù, wọ́n sì lè gé e níbi tí níúrọ́ọ̀nù ò ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1972, Meier-Ruge àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé acetylcholinesterase lè gbà wá níbẹ̀. Nínú ìfun ọmọ tó ní àrùn yìí, okùn iṣan tó ń ti òde wọlé máa ń pọ̀, ó sì máa ń nípọn nínú awọ inú ìfun, níbi tó jẹ́ pé nínú ọmọ tí ara rẹ̀ dá, tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ló máa ń wà. Tí wọ́n bá rẹ ẹran náà sínú omi acetylthiocholine, okùn aláwọ̀ ilẹ̀ tó ki á bo gbogbo ibẹ̀. Dókítà wá ní ohun tó lè fọwọ́ sọ pé, "Òun rèé." Ibi tí wọ́n ti ń mú ẹran yìí ga díẹ̀ sí ẹnu ìdí, kì í mọ ìrora bíi ti awọ ita, ẹran náà ò sì ju èérún kékeré lọ.

Ìdí nìyí tí yìnyín fi ṣe pàtàkì. Wọ́n á fi aṣọ ìwòsàn tí wọ́n rẹ nínú omi iyọ̀ wé e, kí ó má gbẹ, kò sì gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà. Á wà lórí yìnyín títí tó fi máa dé láàbù, níbẹ̀ ni wọ́n á ti mú un dì kíákíá. Ẹ fojú inú wo ọ̀nà láti Ìkòròdú dé Ìkẹjà tàbí Ìdí-Àràbà nígbà tí Mile 12 bá há. Ẹ́ńsáìmù ń kú lọ ní gbogbo àsìkò yẹn. Tí ó bá sì kú sójú ọ̀nà, gíláàsì á funfun, ẹnì kan lè wò ó kó sọ pé okùn ò pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹran ló bàjẹ́. Láàbù tó dára máa ń ṣe ẹran mìíràn tí wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kó ní àwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú omi kan náà. Tí tibẹ̀ náà bá funfun, wọn ò ní kọ èsì kankan, wọ́n á ní kí wọ́n mú òmíràn wá.

Ọ̀nà mìíràn wà lónìí tí wọ́n fi ń wá purotéènì kan tó ń jẹ́ calretinin. Òun kì í béèrè pé kí ẹ́ńsáìmù wà láàyè, ẹran tí wọ́n ti rẹ sínú fọ́málìn náà gbà á. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ẹran ọmọ yín lọ síbì kan, ẹ bi dókítà léèrè kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ pé irú àyẹ̀wò wo ni, kí ẹ sì bi í pé inú kí ló yẹ kó wà ní ọ̀nà. Ẹ ní kó kọ ọ́ sára ìgò náà, kó kọ àsìkò tí wọ́n mú un sí i, kí ẹ sì pe láàbù náà kí ẹ tó gbéra, kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó máa gbà á wà lẹ́nu iṣẹ́.